Ìdánwò Afí Bọ́ Sí Mi Lọ́rùn

Ọjọ́ tí olùkọ́ yunifásítì wá láti Lomé dán Afí, ọmọ mi, wò lórí kọ̀ǹpútà ní Atakpamé ni ẹ̀rù bà mí jù láyé. Olùkọ́ náà nàka sí mi, èmi àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìlú Datcha, ó ní: “Afí, ṣàlàyé fún bàbá rẹ. Bí kò bá yé e, o ò yege.”

Afí ní: “Bàbá, bí ẹ ṣe máa ń ní kí alágbàṣe ká òwú tó bá là lóko yín, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà.”

Mo bi í: “Bí òwú bá tán ńkọ́? Ta ni yóò dá a dúró?”

“Mo ti pàṣẹ ìyẹn náà, Bàbá.”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín: “Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi í gan-an lẹ bi í yẹn. Ó yege!”

Ẹni tó bá ní n kò kàwé, ẹ sọ fún un pé èmi àti Afí la jọ yege.