Orúkọ Bàbá Àkànní Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Ìyá Bọ́lá, akọ̀wé wa, jókòó síwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ìrókò, wọ́n ń ka orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó máa gba igi ẹ̀gẹ́ tuntun. Wọ́n pe "Àkànní Ògúndélé." Bàbá Àkànní ti kú ṣáájú ọyẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ ló gbẹ́ sàréè bàbá náà.

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó tẹ ìwé náà. Irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C kọ ló ń pa orúkọ àwọn àgbẹ̀ mọ́, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, Rúbì, ni èmi sì fi ń béèrè wọn. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ra wọn. Ará Japan kan tó wá ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ wa ló kọ ìsopọ̀ sáàárín wọn, bí ògbufọ̀. Nígbà tó ń lọ sílé, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá náà kú, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa orúkọ wọn rẹ́. Mo yẹ àkójọ wò, kò sí níbẹ̀. Mo tún ìwé tẹ̀, ó tún jáde, ní ipò Ràímì, àgbẹ̀ kan tó wà láàyè. Ràímì kọ̀, kò gba igi. Ó ní, "Òkú ti gba àyè mi," ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Akanran. Ìyá Bọ́lá, tó jẹ́ aládùúrà, wọ́n omi àdúrà sára ẹ̀rọ náà. N kò dá wọn dúró. Ẹ̀rù ti ń ba èmi náà láti dá wà nínú yàrá yẹn lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó bàbá náà wá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní baálé mi ń yọ sí yín níbí."

"Màmá, àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Ṣé ẹ̀rọ mọ̀ wọ́n ni?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsopọ̀ náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Rúbì ní agbálẹ̀ kan tí ń kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù. A kò sọ fún agbálẹ̀ yìí pé C ṣì di orúkọ kan mú. Bó bá ti gbá a lọ, ohun àtijọ́ tó ṣẹ́ kù láyè náà ni C máa kà. Mo fi ìlà kan ṣoṣo kún un, tó ní kí agbálẹ̀ náà má fọwọ́ kan orúkọ tí C ṣì dì mú. Mo tẹ ìwé náà léraléra, orúkọ náà kò jáde mọ́. Ràímì padà wá gba igi tirẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ fún ìyàwó bàbá náà. Lójú ọ̀nà, ohun kan ń dà mí láàmú: orúkọ púpọ̀ ni mo pa rẹ́ lọ́jọ́ tí mo pa ti bàbá náà. Èé ṣe tó fi jẹ́ ti bàbá náà nìkan ló ń jáde? Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ̀rọ kò ní pè wọ́n mọ́."

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ẹ ń pè wọ́n," ni wọ́n wí, "n kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ tì í.