Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Kẹ́tùlù Mummy

Ọ̀gá wa ní kẹ́tùlù ló ba sáfà jẹ́, ẹni tó ni kẹ́tùlù sì gbọ́dọ̀ lọ. Mo ti ń kọ ìròyìn ilé ẹjọ́ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, n kò rí ìdájọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kékeré ni tiwa, níbi tí Ogudu àtijọ́ ti pààlà pẹ̀lú GRA. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n gbé e sí. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀sán gangan, nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná. Mummy tó ń bójú tó ọ́fíìsì ló ni kẹ́tùlù oníná tó wà nílé ìdáná. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ wọn. Gbogbo wa la sì ń mu tíì rẹ̀.

"Kẹ́tùlù yẹn ló ń fa iná mu," ni Ọ̀gá wí ní mítìn. "Sáfà ò rí nǹkan kan mu mọ́."

"Sà, kẹ́tùlù yìí ti wà níbí kí sáfà tó dé. Kí ló dé tí kò pa á láti ọjọ́ yìí?"

"Mummy, ṣé ẹ ti wá di ẹnjiníà ni?"

Ọ̀gá lọ mú ẹnjiníà wá láti Ketu. Ọkùnrin náà kò tú nǹkan kan. Ó kàn ń fìka gbá sáfà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń yan wọtamẹ́lọ́nù lọ́jà Mile 12.

"Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ti lọ," ó wí. "Iná ló jó o. Ẹ ra òmíì."

Ọ̀gá kọjú sí Mummy. "Ẹ ti gbọ́ báyìí."

Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá tan sáfà yìí ló máa ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ gbàgàdà pé: tẹ bọ́tìnnì yìí bí o bá fẹ́ tún ètò mi tò, tẹ tọ̀hún bí o bá fẹ́ kí n yẹ ara mi wò. Àwọn tó ṣe é ti fi dókítà rẹ̀ sí i nínú. Àwa a sì fọwọ́ lẹ́rán títí yóò fi kọjá, bí ẹni tó ń dúró kí ìpolówó ọṣẹ parí lórí tẹlifíṣàn. Mo bi ẹnjiníà bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́.

"Háà, Uncle, ẹ má débẹ̀ o! Gbogbo fáìlì yín á fò lọ."

"Ti ta ló fò lọ rí?"

"Wọ́n ní ó máa ń fò."

Ẹlẹ́rìí "wọ́n ní" nìyẹn. Adájọ́ kì í jẹ́ kí irú wọn parí gbólóhùn.

Nígbà tí ẹnjiníà jáde lọ jẹun, mo pe Mummy wá síwájú sáfà.

"Bí fáìlì bá wá fò lọ ńkọ́?" ló bi mí.

"Wọ́n ṣáà ti ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́. Sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò ní oríkèé-oríkèé. Bọ́ọ̀dù: kò sí àléébù. Ibi tí fáìlì ń gbé: kò sí àléébù. Iná tó ń wọlé: kò sí àléébù. Ìgbà tó kan ooru, ojú rẹ̀ pọ́n: ara mi gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ kò wọlé.

"Báwo ni yóò ṣe wọlé?" ni Mummy wí.

Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá ló ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́, kí eruku má bàa sọ ọ́ di ògbólógbòó. Ihò wáyà nìkan ló gbà kí wọ́n gé. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá náà, sáfà ń fara dà á. Àmọ́ nígbà tí ooru dé, Ọ̀gá ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà lọ sí ọ́fíìsì òun.

Mummy fa láílọ́ọ̀nù náà ya. Ó gbé kẹ́tùlù kaná, ó po tíì fún gbogbo ilé. Sáfà kò ṣẹ́jú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ẹnjiníà jẹun dé, ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn."

Ní mítìn ọjọ́ kejì, Ọ̀gá wú ikọ́. "Ẹ̀yin ará, nǹkan ti bọ̀ sípò. Ní ti Mummy, èmi náà lójú àánú. Mo ti dárí jì wọ́n. Kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mummy dìde.

"Ẹ ṣeun, sà. Kí lẹ dárí ẹ̀ jì mí?"

Ọ̀gá nawọ́ sí àga Mummy.

"Mummy, ó ti tán. Ẹ jókòó."

"Mi ò lè jókòó, sà. Ojú gbogbo wọn lẹ ti fẹ̀sùn kàn mí."

Ó dúró gbọn-in. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹnikẹ́ni kò gbà á sílẹ̀.

"Kì í ṣe kẹ́tùlù," ló wí fún tábìlì.

"Mi ò gbọ́, sà."

Ó tún un sọ sókè.