Ohun Tí Mo Kọ Sábẹ́ Àwòrán Ará Kétu

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún kejì tí èmi àti ọkọ mi kó dé Festac ni, nígbà tí ilé ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Ìgbìmọ̀ àdúgbò wa fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwòrán ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà gbé tirẹ̀ wá. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ àlàyé sórí páálí tí a ó lẹ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Òdòdó àti ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yà. Àfi ọkùnrin kan tó wá láti Kuje, ìtòsí Festac níbẹ̀, tó ká bébà sìmẹ́ǹtì sábẹ́ apá. Ará Kétu ni, lódìkejì bọ́dà, ó wà lára àwọn tó po kọnkéré ilé wa. Èédú àti ọ̀dà àjẹkù ló fi ya ohun tí ojú wọn rí. Ó ya obìnrin tó pọnmọ tó tún ru búlọ́ọ̀kù. Ó ya ilé pákó tí wọ́n ń gbé, tí agbaṣẹ́ṣe wó lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí. Ó sì ya ọkùnrin kan tó ń já bọ́ láti àjà kẹrin. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà, ó sì kọ nọ́ńbà ilé náà sára ògiri inú àwòrán. Ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ni.

Mo ní kó jókòó, mo bu omi fún un mu, mo sì bi í pé kí ni kí n kọ síbẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ kọ ọ́ pé àbúrò mi rèé. Ibí ló kú sí. Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá wa.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la, alága ìgbìmọ̀ wá wò ó. Òun náà ni ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́.

“Ìyàwó wa, ta ló ní kí o kọ èyí?”

“Ẹni tó yà á ni, sà.”

“Àjèjì yẹn? Ṣé òun ló máa sọ fún àwọn àlejò wa pé orí òkú là ń sùn?”

“Yorùbá ni, sà.”

“Bọ́dà ló kọjá wá. Yí i padà.”

Ọkọ mi ń retí ìgbéga lọ́dún náà. Mo jókòó, mo kọ òmíràn: *Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ayọ̀ kọ́ ìlú tuntun.* Mo sì fi èédú pa nọ́ńbà ilé náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á kí wọ́n gbọ́.”

Mo kọjú sí páálí, mo sì ka ohun tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́ fún wọn láti inú orí mi. Wọ́n ṣí fìlà. Olùkọ́bìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, “Ìyẹn kọ́ ló wà níbẹ̀ o,” ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè.

Ọkùnrin náà wo ibi tí nọ́ńbà wà tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é?”

“Bọ̀dá, wọ́n ní kí n ṣe é ni.”

“Mo ní ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?”

“Èmi ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága ní kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kí àwọn àlejò tó dé. Ọkùnrin náà ń yọ wọ́n lọ. Nígbà tó ká wọn tán, ó yíjú sí mi.

“Agbaṣẹ́ṣe tó wó ilé wa ò tàn wá. Ó ní ká máa lọ, a sì lọ. Ẹ̀yin, ẹ ní kí n jókòó, ẹ fún mi lómi mu.”

Àwọn àlejò dé, wọ́n yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ọkọ mi gba ìgbéga kí ọdún tó parí.

Mo wá a lọ sí Kuje lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá onílé rẹ̀ ní ó ti kó lọ, kò sì sọ ibi tó ń lọ. Mo ti bẹ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni mo parọ́ fún.