Èjìká Òsì

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, ojú ọ̀run rí bí omi orí ògì. Òjò dídì kò rọ̀, ṣùgbọ́n òtútù òru ti wọ́n nǹkan funfun bí iyọ̀ sórí koríko àti sórí àwọn mọ́tò tó wà níta. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Èéfín ń jáde lórí ilé àwọn ará àdúgbò wa ní Glenn Dale, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń lọ sókè tààrà bí òwú tí ẹnìkan ń fà láti òkè. Mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo ń fi ìka nu omi ara gíláàsì, mo ń ṣírò iye aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ léra wọn.

Ọmọ-ọmọ mi ni ọmọ tí mo ń wí, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ṣèlérí pé òun máa mú un lọ síbi àjọ̀dún òtútù tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá kan lápá Glenarden, ṣùgbọ́n ọsibítù pè é láàárọ̀ pé ẹnìkan kò lè wá, kó wá dí àyè náà títí di ìrọ̀lẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un lọ," ló ń sọ, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wá bàtà. "Ọ̀rẹ́ mi á fi mọ́tò gbé yín débẹ̀. Èmi á wá gbé yín tí mo bá ṣíwọ́."

Mo ní kò burú. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn mi.

Ọkọ mi kú sí Ìbàdàn nígbà tí ọmọ yìí wà ní oṣù mẹ́rin. Èmi wà níbí, mo wá wẹ ọmọ. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní bí mo bá jáde, mo lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́, ọmọ ìkókó sì wà lọ́wọ́ mi. Fóònù ni mo fi wo ìsìnkú ọkọ mi. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣí pósí kí ẹbí fi ojú rí i, àwòrán inú fóònù dúró gbagidi. Mo rí ọwọ́ ẹnìkan lórí ọmọrí pósí, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwòrán máa fi tún rìn, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń dà. Wọ́n sọ fún mi pé ọkọ mi kú, ṣùgbọ́n èmi ò rí i. Mi ò wọ dúdú, mi ò jókòó opó. Iṣẹ́ ọmọ wíwẹ̀ ni mò ń ṣe lọ. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, màá ní, "Ó wà ní Ìbàdàn." Irọ́ kọ́ sá ni.

Àbúrò ọkọ mi ti yàrá rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rán ẹnìkan sí mi. Ó ní àwọn aṣọ tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó ni ẹbí ń dúró dè kí wọ́n tó pín in. Ó di ọdún méje, mi ò sọ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú báàgì mi, mo fi òwú dúdú so ó. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ló pè mí. Àwa ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ọkọ ni èmi náà ń pè é.

"Ìyàwó wa, ikán ti wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi o."

"Ọkọ mi, ẹ da kẹrosíìnì sí i."

"Mo ti dà á. Ẹnu ọ̀nà ni ọwọ́ mi dé, inú ńkọ́? Aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín rán ni wọ́n ń jẹ yẹn. Ẹ ní ká ṣí i, àbí ẹ ní ká má ṣí i, ká ṣáà mọ̀."

"Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Ọdún méje lẹ ti ń rò ó, ìyàwó mi. Ikán kì í ronú."

Mo ní màá pè é padà di ọjọ́ Ìsinmi. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí yàrá yẹn, tí wọ́n sì pín aṣọ rẹ̀, ọjọ́ náà ni ọkọ mi kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí dání lọ síbi àjọ̀dún, pẹ̀lú fúláàsì tíì kan àti ìbọ̀wọ́ ọmọ méjì.

Nílé wa, tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ni, a kì í ṣọdún fún un. Àwọn ará ibí ń ṣọdún fún òtútù. Wọ́n ti fi iná wẹ́wẹ́ yí gbogbo igi pápá náà ká. Ọkùnrin kan ń fi ayùn gé yìnyín ńlá, ó ń sọ ọ́ di ẹyẹ, àwọn ọmọdé sì ń ṣa èyí tó já bọ́, wọ́n ń fi sẹ́nu. Wọ́n ń ta ṣokoléètì gbígbóná. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi máa ń dáhùn.

"Gíránmà, ṣé ẹ ò gbádùn ẹ̀?" ló bi mí.

"Mò ń gbádùn ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò gbádùn ẹ̀."

Ohun kan wà tí mo máa ń wò nígbà òtútù. Níbí, ojú lèèyàn fi ń rí èémí. Ó ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn bí èéfín ìkòkò. Bí mo bá wà láàárín èrò báyìí, mi ò kì í mọ ìgbà tí màá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan wà láàárín wọn tí tirẹ̀ kò jáde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé ìdí iná. Àgbá irin ni wọ́n dá iná náà sí, àwọn ènìyàn sì yí i ká. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá irin ro igi inú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ga. Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀, ó gùn dé orúnkún. Mo wo etí kóòtù náà, mo sì dúró.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo fi jẹun. Èjìká òsì ọkọ mi rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ìka kan géérégé. Láti kékeré ló ti wà bẹ́ẹ̀. Bó bá ra aṣọ lọ́jà, etí apá òsì á máa wọ́ lọ sílẹ̀, nítorí náà kì í wọ aṣọ rírà. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ rẹ̀ fún ogójì ọdún, mo sì máa ń ká etí apá òsì sínú ní ìka kan kó lè dọ́gba lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ò lè rí i. Kóòtù tí ọkùnrin ìdí iná wọ̀, aṣọ rírà ni, apá òsì rẹ̀ sì wọ́ sílẹ̀ ní ìka kan.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá tó bí bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà fún wa: ẹni tó kú síbì kan, tí wọ́n sin ín, tó tún wá ń gbé ní ìlú òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Á níṣẹ́ lọ́wọ́, á tilẹ̀ fẹ́yàwó. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí bá fojú kàn án, tó sì pè é, ọjọ́ náà ni yóò pòórá, yóò lọ sí ìlú tó tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Mo mọ ohun tí àlùfáà ìjọ wa máa sọ sí i. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé bí èmi bá kú tí mo fẹ́ fara pamọ́, ibo ni ǹ bá lọ bí kò ṣe irú ibí yìí, tí fìlà bo orí, tí aṣọ bo ẹnu, tí aládùúgbò kì í bi aládùúgbò pé ọmọ ta ni ọ́?

Aṣọ bo ẹnu ọkùnrin náà. Mi ò rí èémí rẹ̀.

Bí mo bá pè é tó sì jẹ́ òun, yóò lọ. Bí mi ò bá pè é, mi ò ní mọ̀, màá sì dé ọ̀run tèmi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yẹn nínú báàgì. Mo dúró títí ṣokoléètì fi tutù lọ́wọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà mo rìn súnmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò pe orúkọ. Oríkì ni mo pè, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí èmi náà máa ń pè é bí ilé bá pa rọ́rọ́. Ohùn tí mo fi pè é kò ju ohùn àdúrà lọ.

Ọkùnrin náà yí padà.

Mo rántí pé mo di èjìká ọmọ mú. Ó fa aṣọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, èémí funfun tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Arúgbó ará ibí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ kò jọ ojú tí mo mọ̀ rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú súùtì aládùn pupa-òun-funfun méjì jáde, irú èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀pá darandaran. Ó nà án sí mi.

Mi ò mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ló bú sẹ́rìn-ín.

"Gíránmà, ẹ ní kándì! Ẹ tọrọ kándì lọ́wọ́ ẹ̀!"

Òótọ́ ni. Oríkì ọkọ mi àti ohun tí wọ́n ń pe súùtì níbí, àwọn méjèèjì jọra wọn létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ogójì ọdún ni mo fi pè é, mi ò ronú ìyẹn rí. Ìyá arúgbó tó wá tọrọ súùtì, ohun tí ọkùnrin náà rí nìyẹn, ó sì fún mi.

Ó sọ nǹkan kan. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo wo ojú ọmọ.

"Ó ní ọ̀kan jẹ́ tiyín," lọmọ sọ. "Ó ní kẹ́ ẹ mú ìkejì lọ fún bàbá tó wà nílé."

Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tí ènìyàn jẹ́jẹ́ máa ń sọ fún arúgbó ni. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí, ó dúró dè mí kí n dáhùn, èjìká òsì rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Sọ fún un pé bàbá ti kú," ni mo wí.

Ọmọ gbójú sókè. "Bàbá àgbà? Ẹ ní ó wà ní Ìbàdàn."

"Ó wà ní Ìbàdàn. Ó kú. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Sọ fún un."

Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó fi lé àyà, ó sì tẹ orí ba. Kò gba súùtì náà padà. Mo dúpẹ́, a lọ. Nígbà tí a dé ibi ẹyẹ yìnyín, mo bojú wẹ̀yìn. Ẹlòmíràn ló ń ro iná. Bóyá ó lọ mú igi wá ni. Mo ṣáà dúró wò ó títí, kò padà wá.

Ìyá ọmọ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. A ò tíì jáde ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́ kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn.

"Mọ́mì, Bàbá àgbà kù."

"Kí ló kù? Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?"

"Bàbá àgbà. Bàbá àgbà kù. Gíránmà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kú ló fẹ́ wí," ni mo bá a sọ. "Ahọ́n rẹ̀ ni kò gbé e dókè."

A ti dé ibi iná ojú títì; iná pupa ti di aláwọ̀ ewé, ọmọ mi ò gbé mọ́tò kúrò. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Mọ́mì? Lẹ́nu ara yín?"

"Ẹnu ta ni ǹ bá yá?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi apá aṣọ iṣẹ́ nu ojú. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ọmọ. Kú àti kù, méjèèjì ni mò ń gbọ́ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ìjọsìn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ń lọ sílé lọ́jọ́ Túsìdé, mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fún un. Nígbà tí ìwàásù gùn, mo jẹ súùtì kejì.

Bí a ṣe délé, mo pe àbúrò ọkọ mi.

"Ọkọ mi, kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀. Ẹ má já àgádágodo yẹn, ó ṣì dára."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ṣé ohunkóhun wà tí ẹ fẹ́ ká yà sọ́tọ̀ fún yín?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún láṣọ, ẹ sọ fún un kó gbé e lọ fún aránṣọ kó tó wọ̀ ọ́. Apá òsì kúrú ní ìka kan. Mo ká aṣọ sínú etí rẹ̀, kí wọ́n tú u."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀," ni mo wí.