Ẹ̀gúsí Orí Mọ́tò

Òyìnbó kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé mọ́tò pamọ́. Nínú fídíò orí fóònù ni mo ti pàdé rẹ̀. Ó ní tí ìgbà òtútù bá dé nílùú òun, òun a bo mọ́tò òun fún oṣù mẹ́ta, òun a tú orí bátìrì, òun a sì rọ omi aláwọ̀ ewé kan sínú rédíétọ̀ kí omi ibẹ̀ má baà di yìnyín. Èmi náà fẹ́ lọ ṣe kọ́ọ̀sì olóṣù mẹ́ta ní Ìlọrin nígbà ọyẹ́, ni mo bá ṣe bí ọ̀gá mi ti wí. Yìnyín kan ṣoṣo tí a mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n tíṣà físíìsì ni mí, n kì í fi ìmọ̀ ṣeré. Ohun kan péré ni mo fò nínú ẹ̀kọ́ náà. Òyìnbó ní ká fi káńfọ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì nítorí eku. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ebi ló ń pa eku ilẹ̀ wọn.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gúsí ni mo bá lórí mọ́tò mi. Màmá mi ti sọ tapólì dúdú tí mo fi bò ó di ibi ìsá-nǹkan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní kò síbi tí oòrùn ti ń mú tó báyẹn nínú agbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń sá a fún. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ wọn dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, ó sì ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti bí oṣù kan. Màmá mi fẹ́ fojú kàn án. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń di èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá ṣe bí ọkùnrin. Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́tò wà nílé. Lọ́jọ́ Ajé, a ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó ta.”

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo tan mọ́tò náà láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dáa. Àfi bí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn ṣe gbéra tó ń lọ sókè, tí omi aláwọ̀ ewé sì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

“Ṣé kí n bá ọ pe mẹkáníìkì ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yẹn?” Màmá mi ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

“Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò. Gbogbo ibi tí omi kán sí ni mo fi bírò yí ká, mo sì kọ aago tó kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iwájú ni gbogbo rẹ̀ wà, mo sì dájọ́ pé rédíétọ̀ ló jò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ọṣẹ dí ojú rédíétọ̀ níbi gbogbo tí mo fura sí. Ọṣẹ hó, omi ń jò. Lọ́jọ́rú, mo ra ọmọrí rédíétọ̀ tuntun. Àwọn tó ń ti ọjà Akẹ̀sán bọ̀ ń kí mi, “Ẹ kú iṣẹ́ o! Kò tíì dáa ni?” Mo ń dáhùn pé ó kù díẹ̀. Títí di Ọjọ́bọ̀, díẹ̀ yẹn ò tán, páálí mi sì ti di mẹ́rin.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn a pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. A ní, “Ìyá ń bèèrè yín o.” Màmá mi a ní, “Bá mi sọ fún wọn pé ọ̀la ni.” Wọ́n á wá tú ẹrù tí wọ́n dì láàárọ̀. Mo ń rí wọn. Mo kàn rò pé bí mo bá jẹ́ kí mẹkáníìkì wá, á di pé mi ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, màmá mi ò bèèrè lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n fi orúnkún wọn yẹn rìn lọ pe mẹkáníìkì fúnra wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà kan ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ó wo àwọn páálí mi títí.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti ṣe ìdánwò fún mọ́tò.”

Ó rọ omi sí i, ó tan án kó gbóná, ó sì pa á. Mo nawọ́ sí rédíétọ̀. Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

“Sà, ibi tí omi ń kán sí kọ́ ló ti ń jò. Ṣé òrùlé yín ò jò rí ni?”

Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì fa ẹ̀kúnwọ́ nǹkan jáde. Èèpo ẹ̀gúsí ni, wọ́n bó o mọ́ tónítóní. Àkísà sì wà nínú rẹ̀ tí eku fi tẹ́ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀gúsí tó já bọ́ sábẹ́ tapólì tán, wọ́n fi rọ́bà tí omi ń gbà panu. Ibẹ̀ ni omi ti ń jò, tó ń gba ara irin abẹ́ mọ́tò wá síwájú. Kí ìrun tó tó kí, mẹkáníìkì ti pààrọ̀ rọ́bà náà.

Inú mi dùn pé mo ti rí ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù. “Màmá, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀gúsí yín ló fà á!”

Wọn ò bá mi jiyàn. “Mo gbọ́. Ṣé ó ti ṣeé gbé lọ báyìí?”

A gbéra lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ò mira títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó wo màmá mi lójú dáadáa. “Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá kí?”

Ọmọ rẹ̀ fà mí sẹ́yìn. Ó ní títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá òun ṣì ń dá èèyàn mọ̀, pé àná ló jí tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rántí Ọjọ́bọ̀. Abẹ́ mọ́tò ni mo wà, mò ń fi bírò yí omi ká. Ojú tì mí débi pé n kò lè wọlé.

Màmá mi gbé ọ̀rá ẹ̀gúsí lé e nítan. Ó bu díẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

“Àbúrò mi ló máa ń fọ ẹ̀gúsí mọ́ tó báyìí,” ó ní. “Ó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀la ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé. Mo ti dé.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó, ká jọ máa dúró dè é.”

Màmá mi rọra ká orúnkún wọn, wọ́n jókòó sórí ẹní náà, wọ́n sì bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́.