Ìsọjí Tí Mo Lọ Ṣe ní Pasadena

Ẹ̀yin ará ilé ní Iléṣà, ìdájí Sátidé ni mo kúrò nílé Yéwándé ọmọ mi, ní Mission Bend, ní Houston níbí. Mo gbé mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́fà sínú kúlà. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé ìsọjí ni mo ń lọ. Òun gan-an ló fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà mi. Èmi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ń purọ́ fún ọmọ tí mo bí! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo lọ.

Awakọ̀ tí mo fi fóònù pè, ọmọ Ìjẹ̀bú ni.

“Màmá, ta lẹ fẹ́ lọ kí ní Pasadena láàárọ̀ kùtù?”

“Àbúrò mi ni.”

“Ìyá kan náà?”

“Ìyá kan náà, bàbá kan náà.”

Ẹ ò rí mi bí!

Orí freeway la gbà, ọ̀nà tí kò ní iná adánidúró, tí kò sì sí oníbúrẹ́dì tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ bíi tiwa. Nígbà tí a sún mọ́ Pasadena, òórùn ilé iṣẹ́ epo gba inú ọkọ̀, bí ẹyin tó bàjẹ́. Awakọ̀ yára ti fèrèsé. Èmi fẹ́ràn òórùn náà, torí ó máa ń wà lára aṣọ Fọlákẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan náà ni èmi àti Fọlákẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀rù bà mí, mo sì lọ lọ́kọ. Ọkọ mi ṣèèyàn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tún pàdé Fọlákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ní Houston. Ìfẹ́ náà wà níbi tí mo fi í sí.

Nígbà tí mo dé ilé Fọlákẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀, ará Mẹ́síkò tó ń bomi rin òdòdó, pé, “Bísí rèé, ẹnìkejì mi.” Obìnrin náà kí mi káàbọ̀, ó padà sídìí òdòdó rẹ̀. Èmi yára wọlé.

Inú àwo kan la ti jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Fọlákẹ́ rí sùtánà nínú báàgì mi, mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ní:

“Bísí, mi ò ní máa jẹ́ ìsọjí títí n ó fi kú o.”

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo wo aago: ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré ni ọ̀nà náà. Irọ́ tèmi ló mú kó jìn.

Yéwándé ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí mo wọlé. “Màmá, ìsọjí ń kọ́?”

Mo gbé sùtánà náà ka orí tábìlì. Ó ṣì wà bó ṣe ká a.

“Mi ò lọ ìsọjí. Ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ni mo lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń nífẹ̀ẹ́ ọkọ.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. “Hẹ̀n, Màmá! Kí làwọn ará church máa sọ? Ẹ̀rù ń bà mí o.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Ó gé ẹ̀fọ́ náà títí ó fi tán, kò wo ojú mi. Mo dúró, mò ń gbàdúrà nínú ọkàn mi.

“Tí ẹni yín yẹn bá wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Sunday,” ló wí, “mi ò ṣáà lè máa pe àgbà lórúkọ. Kí ni kí n máa pè wọ́n?”