Ẹ̀yìn Aṣọ Mi ni Rábì Yà Sínú Ìwé

Ọmọ ọmọ mi ò ní pa mí lẹ́rìn-ín!

Rábì tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà parí ìwé ńlá tó ń kọ lórí aṣọ òfì. Àwọn tíṣà ẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀la ló máa gbé e lé wọn lọ́wọ́ pátápátá, ló bá gbé e wá hàn mí lónìí. Mi ò mọ̀wé, àwòrán ni mo ń wò.

"Rábì, aṣọ ta nìyí?"

"Tiyín ni, Màmá. Èyí tó wà nínú àpótí."

"Haba! Ẹ̀yìn ẹ̀ lo yà. Ojú aṣọ la máa ń ká sínú kó má bàa ṣá."

Ó gbé aṣọ jáde nínú àpótí, ó tú u, ó yí i padà, ó bú sẹ́kún.

"Màmá, tíṣà mẹ́ta ló wò ó, ẹnì kankan ò rí i!"

Ó jókòó tì mí, ó tún un yà. Nígbà tó parí, ó ní kí n tẹ̀ka síbi tí tíṣà máa ń fọwọ́ sí.

Tàdáwà ṣì wà níka mi. Ta ló máa kọ́kọ́ pè mí ní tíṣà?